Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe alágídí: ìrírí mi nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú onítànṣán

Owó ìbojú lẹ́ẹ̀mejì la san, ó sì ṣì ń dùn mí títí di òní. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìtànṣán ni àwọn dókítà sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Nínú irú ìtọ́jú yìí, ìbojú oníke kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tẹ̀ mọ́ ojú aláìsàn nígbà tó ṣì gbóná tó sì rọ̀, tí yóò wá le bó bá ti tutù, kí orí má bàa yẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá rù, ìbojú náà á tóbi jù fún un. Ti ẹ̀gbọ́n mi tóbi débi pé orí wọn ń yí nínú rẹ̀. Ni wọ́n bá dá ìtọ́jú dúró, wọ́n ya àwòrán inú ara lákọ̀tun, wọ́n ṣe ìbojú mìíràn, wọ́n sì tún ìṣirò ìtànṣán ṣe. Gbogbo rẹ̀ la sanwó fún. Òṣìṣẹ́ tó mú ìwé owó wá tún fi kún un pé, "Màmá yìí ò tọ́jú ara wọn ni."

Gbólóhùn yẹn ló bí mi nínú ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìdádúró túmọ̀ sí. Ìlànà tó wọ́pọ̀ fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni kí wọ́n pín ìtànṣán Gray 70 (Gray ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) sí ọ̀nà 35, Gray 2 lójúmọ́, láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje. Bí ìtọ́jú bá dúró láàárín, jẹjẹrẹ náà máa ń ráyè tún hù. Kò sí ọjọ́ kankan tó yẹ ká fi ṣòfò níbẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí lílọ-bíbọ̀ àti ìforúkọsílẹ̀, kálukú ló máa rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn. Awọ ọrùn náà kò fún wa ní wàhálà púpọ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, aṣọ rírọ̀ tí a fi ń tẹ omi gbẹ láìha awọ, ká má sì jẹ́ kí oòrùn pa ibẹ̀. Ẹnu ni ìṣòro wà.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìbojú àkọ́kọ́ ni wọ́n da gbogbo ìmọ̀ràn lé ẹ̀gbọ́n mi lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló lè gbọ́ràn lọ́jọ́ tí wọ́n fi ike gbígbóná bò ó lójú? Ìwé tí wọ́n fún wa kún fún "ẹ ṣe èyí, ẹ má ṣe tọ̀hún," kò sì sí èyí tó fi hàn pé ó ṣe pàtàkì ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò tún béèrè mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí pé egbò ẹnu tí ìtànṣán máa ń fà kì í tètè yọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe yọ báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi pa ṣíṣan ẹnu tì. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun wọn mọ́, wọ́n sì ń rù lójú wa.

Gbogbo ilé sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ agídí. Àwọn àgbà ń bá wọn wí lórí fóònù, àwọn àbúrò ń bẹ̀ wọ́n. Ẹnìkan tiẹ̀ fa ìlà sójú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, pé bí wọ́n bá ti ṣan ẹnu, kí wọ́n fàmì sí i. Àmì ń pọ̀ lára ògiri, egbò ń pọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń fàmì kí àríwísí lè tán ni.

Nígbà tó yá, mo tẹ̀ lé wọn wọ ilé ìwẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ ṣan án lójú mi." Wọ́n bu oògùn ìfọẹnu inú ìgò sẹ́nu, kíá ni wọ́n tu ú dànù, omijé lé ròrò sójú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ yè ni? Bí ata ló ń ta mí."

Mo gbé ìgò náà, mo ka ara rẹ̀. Ọtí wà nínú rẹ̀! Ọtí, lórí egbò! Ìwé ilé ìwòsàn kàn sọ pé ká máa fi oògùn ìfọẹnu ṣan ẹnu, ó dákẹ́ síbẹ̀. Mo pe ilé ìwòsàn lórí fóònù, wọ́n ní kí a dúró di ọjọ́ tí dókítà máa rí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì ni kó dúró? Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, wọ́n ń darí mi láti yàrá kan sí òmíràn, títí nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ní kí n jókòó. Ohun tó sọ kò gba àkókò rárá: ṣíbí tíì kan iyọ̀, ṣíbí tíì kan baking soda, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó tó lítà kan, ká máa po tuntun lójoojúmọ́. Kí wọ́n ṣan ẹnu lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, láàárín ọ̀sán, àti kí wọ́n tó sùn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gan-an ni kí wọ́n sì lò.

Ó wá béèrè ìgbà tí wọ́n ń lo oògùn ìrora. Mo ní ìgbà tó bá ti ń dùn wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ni. Ó ní ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn, pé kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, kó tó di pé ẹnu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dókítà fọwọ́ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun, wọ́n sì ń ṣan ẹnu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀. Ibo ni agídí náà wà?

Mo já ìwé ara ògiri sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ká máa ṣe é. Wọ́n ní kí n kàn máa po omi náà, kí n gbé kọ́ọ̀pù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n fi ìgò kan sínú báàgì wọn. Eré ìdárayá ẹnu, ìyẹn yíya ẹnu dáadáa kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má bàa gan, wọ́n so ó mọ́ ìròyìn orí rédíò. Tí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ń tọ́jú ẹnìkan, ẹ jẹ́ kó yan àkókò tirẹ̀. Ẹ sì ra òṣùwọ̀n sílé: a máa ń wọn wọ́n déédéé, bó bá ti ń lọ sílẹ̀, mo ń pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìbojú kejì yẹn ni wọ́n fi parí ìtọ́jú. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ sétí òṣìṣẹ́ tó mú ìwé owó wá.

Ohun mìíràn tí wọn ò sọ fún wa: egbò kì í lọ lọ́jọ́ tí ìtànṣán bá parí. Ó tilẹ̀ lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Nígbà yẹn gan-an ni àlejò ń kí yín kú oríire, tí aláìsàn ń fẹ́ jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀. A ò jáwọ́.

Eyín ńkọ́? Ẹ rí dókítà eyín kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Eyín tó bá yẹ ní yíyọ, kó kúrò ṣáájú, kí ojú rẹ̀ sì jinná. Ìtànṣán máa ń dín itọ́ kù, ẹnu gbígbẹ sì máa ń ba eyín jẹ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi fún ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn fluoride tí wọ́n á máa lò lọ títí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìtànṣán ti bà lè kọ̀ láti jinná bí wọ́n bá fa eyín níbẹ̀, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà eyín yòówù tí ẹ bá bá pàdé pé ẹ ti gba ìtànṣán rí, kó tó fọwọ́ kan eyín kankan.