Kí ẹ tó ra Chrysler 300C SRT-8 àlòkù

Ẹ̀yin ará wa nílùú ọba, ẹni tó bá ń wo ọkọ̀ Amẹ́ríkà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó fara balẹ̀. Ọkọ̀ gidi ni: ẹ́ńjìnnì V8 lítà 6.1, agbára ẹṣin 425, àyè sì gba gbogbo ẹbí. Àmọ́ ó máa ń mu epo gan-an, Chrysler náà ò sì ta ọkọ̀ tuntun ní Britain mọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ nínú V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí March 23, 2006 tó pé, owó-orí rẹ̀ ò lè kọjá ìpele K. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìpele M ni, ó sì ju £700 lọ lọ́dún. Ẹ fi ìyẹn dúnàádúrà.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á ìgbà tó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì kẹ́yìn. 16 ni wọ́n, méjì-méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní mẹ́jọ ni òun pààrọ̀, ẹ tún ojú là sí ìyókù ọkọ̀ náà. Ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GOV.UK, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lẹ nílò.

Èyí tí sìtíárìn rẹ̀ wà lápá òsì lè dín lówó, àmọ́ owó tí wọ́n bá yín dín nígbà rírà, ẹ̀yin náà lẹ máa dín in fún ẹlòmíràn nígbà títà. Kẹ́ ẹ sì béèrè iye tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ máa ná yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.