Kọ́bọ̀ Oníhò Méjìlá: Bí Mo Ṣe Ṣe Ìwé Ọdún 1959 fún Ọjọ́ Ìbí Màámi

₦120,000 ni mo kó lé ọwọ́ ẹni tó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa ṣe ìwé “Ọdún Tí Wọ́n Bí Ọ” fún ọlọ́jọ́ ìbí. Ọgọ́ta ìwé pélébé, ₦2,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màámi fẹ́ pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1959 ni wọ́n bí wọn ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn níbí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wá bá wa ṣe é mọ irú ọdún tí ọdún náà jẹ́. A máa ka ìwé, a máa dáhùn ìbéèrè, tábìlì tó bá gba máàkì jù á gba ẹ̀bùn.

Ìwé dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mo ṣí i, inú mi bàjẹ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́, Barbie, ọmọláǹgidi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ojú ìwé kejì, bí Alaska àti Hawaii ṣe di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ló kan màámi nínú rẹ̀? Ibi tí wọ́n ti wá dárúkọ Nàìjíríà gan-an ni wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Wọ́n kọ iye tí búrẹ́dì ń lọ ní náírà, wọ́n sì ya àwòrán náírà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Náírà, ní 1959! Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Màámi ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà yẹn.

Mo pe ẹni tó ṣe é. Ó ní bí òun ṣe máa ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn, pé orúkọ àti fọ́tò nìkan lòun ń yí padà, àti pé ta ló tiẹ̀ máa kà á délẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Ẹ̀gbọ́n màámi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mọ́kọ́lá, ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọn kì í fi ìwé sílẹ̀ láìkà á tán. Wọ́n á gbé awò sójú, wọ́n á kà á látòkèdélẹ̀, wọ́n á sì pè mí níwájú àlejò kí n wá ṣàlàyé náírà 1959. Títí di òní, owó yẹn kò padà sọ́wọ́ mi.

Mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni màá ṣe é.

N kò ní fi títẹ̀ àti títò rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tó bá ti ṣe ìwé ètò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú rí ti mọ bó ṣe ń lọ. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ládùúgbò wa gba ₦84,000 fún ọgọ́ta, ó sì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Alẹ́ méjì ni mo fi jókòó ti Bàbá Mọ́kọ́lá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní 1959, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ, màá kọ ọ́, màá sì lọ wádìí ọjọ́ rẹ̀ kí n tó fi í sínú ìwé.

Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ṣí ní Ìbàdàn. Ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀, Àníkẹ́ Agbájé-Williams sì ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti 1953. Macpherson, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà fèsì níbẹ̀, wọ́n kọ̀. Bàbá Mọ́kọ́lá na ìka sókè: “Wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ nílé wọn, ó bá kọ́ ilé ọ̀rọ̀ tiẹ̀.” WNTV máa ń pariwo pé àwọn làkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn Faransé ti gbé tẹlifíṣọ̀n jáde ní Mòrókò ní 1954, torí náà n kò fi ìyẹn ṣe ìbéèrè. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, ọjọ́ mélòó ni tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn fi ju màámi lọ? Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Inú ìbéèrè yẹn ni mo ti ń rẹ́rìn-ín sí ara mi lóru, ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Hogan Bassey ló tẹ̀ lé e. Paris ló ti gba àmì-ẹ̀yẹ ayé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní 1957. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1959, ní Los Angeles, Davey Moore gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìpele kẹtàlá ni Bassey kò lè dìde lọ bá a mọ́. Bàbá Mọ́kọ́lá gbọ́ ọ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì ilé ọ̀gá wọn, wọ́n ní àwọn kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá náà wà níbẹ̀: ìjókòó 312, ẹgbẹ́ kankan kò gba ìdajì, helikópítà ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì fi ń kiri Òkè Ọya láti wá ìbò. Mo fi ọ̀kan ti òkèèrè kún un nítorí àwọn ọmọ kéékèèké: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Luna 2 ti àwọn ará Rọ́ṣíà já lu ojú òṣùpá, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ èèyàn ṣe tó débẹ̀.

Ogún ìbéèrè pé ní ọjọ́ mẹ́rin. Kọ́bọ̀ ló wá dá mi dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi wá kọ́bọ̀.

Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ ni náírà tí ẹni yẹn kọ. Mo fẹ́ kí gbogbo tábìlì méjèèjìlá fi ọwọ́ kan owó 1959 gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí owó tó ń jẹ́ ti Nàìjíríà sì jáde. Kó tó dìgbà náà, owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà là ń ná, òun náà ni wọ́n ń ná ní Sierra Leone àti Gambia. Kọ́bọ̀ ìgbà náà, ìyẹn pẹ́nì, méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà. Kọ́bọ̀ yẹn ni èmi fẹ́, èyí tó ní ihò láàárín. Màá fi òwú pupa so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwé tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Mo gba ọjà Bódè lọ, ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà. Ìyá kan gbé abọ́ owó àtijọ́ wá láti abẹ́ àtẹ. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú ọjà. Kọ́bọ̀ oníhò ti 1959 ni mò ń wá.” Wọ́n ní, “Kọ́bọ̀ oníhò ni gbogbo wọn, ọmọ mi. Kò sí èyí tí kò ní ihò níbẹ̀.” Ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò ń bọ̀. Mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ₦1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sáré wọ mọ́tò.

Nílé, wọ́n dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. N kò rí nǹkan kan kà lára wọn. Mo bá gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú lé e, mo fi ha ọ̀kan. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wáyà iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ojú lẹ́tà rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bàbá Mọ́kọ́lá rí i, wọ́n mi orí. “Ta ló ní kí o bó o láwọ̀?” Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀, kí ó rì síbẹ̀ mọ́jú, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti rọ̀ gbá a, kí n wá fi òróró kan ìka pa á lára. Ó jáde ní àwọ̀ igi ìrókò, lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere.

Nígbà tí lẹ́tà hàn ni ìbànújẹ́ mìíràn dé. Mẹ́fà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe tiwa. Mẹ́rin jẹ́ ti ayé Ọba George. Méjì ní orúkọ Queen Elizabeth àti adé rẹ̀, ní ojú kejì ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára tiwa, ihò náà sì tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n BRITISH WEST AFRICA ni wọ́n kọ yí ìràwọ̀ náà ká, 1956 àti 1958. Bí mo bá so ìyẹn mọ́ ìwé 1959, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ẹni tó kọ náírà?

Mẹ́jọ ló kù mi lọ́wọ́ tó dára, torí mo ti ba ọ̀kan jẹ́. Mo wá ẹni tó ń ta owó àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi fọ́tò kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ojú tó ní adé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i, ẹ jẹ́ kí n rí ojú kejì, torí ti adé kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Lọ́jọ́ kejì ó tún fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́. Mo tún ṣàlàyé. Ó tún fi í ránṣẹ́, ó wá ní òun kò ní àkókò oníbàárà tó ń yẹ nǹkan wò jù. Ọjọ́ mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Ayẹyẹ ku ọjọ́ mẹ́fà, orí mi gbóná.

Mo padà sí Bódè láàárọ̀ kùtù, mo mú awò ńlá tí Bàbá Mọ́kọ́lá fi ń ka ìwé ìròyìn dání, mo mú omi, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo tọrọ ẹní lọ́wọ́ ìyá náà, mo da gbogbo abọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn. Ohun tí mo ti kọ́ nígbà yẹn ni pé kò yẹ kí n máa wá ọdún lára rẹ̀ rárá. Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára kọ́bọ̀ oníhò Nàìjíríà, 1959 náà ni. Ṣílè ló ní 1961 àti 1962. Torí náà, bí ìka mi bá ti kan N tó bẹ̀rẹ̀ NIGERIA, ó parí. Bí mo bá rí W ti WEST, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá ti tó mi. Ó gbà mí ní wákàtí méjì, ṣùgbọ́n méje ni mo rí, ìyá náà sì gba mẹ́fà tí kì í ṣe tiwa padà láìbá mi jà, nítorí wọ́n ní àwọn kò tíì rí ẹni tó ka owó bí ẹni ka Kùránì rí.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó lọ sọ́jà lọ́sàn-án, kó má fi nǹkan kíkan kan owó náà, kó sì béèrè ojú tó ní ìràwọ̀ kó tó sanwó. Kó tún wá àgbàlagbà ilé rẹ̀ lọ kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Mọ́kọ́lá ka ìwé náà tán, wọ́n yí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò pè mí. Tábìlì àwọn ọmọ ìjọ màámi ló gba ẹ̀bùn, máàkì mẹ́tàdínlógún. Màámi kò dáhùn ìbéèrè kan. Wọ́n ti tú kọ́bọ̀ kúrò lára ìwé tiwọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí i po. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sín in sí okùn, ogójì, àádọ́ta, wọ́n á fi so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró tí wọ́n bá ti ọjà bọ̀, èèyàn á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n pe ọmọ mi obìnrin, wọ́n ki òwú pupa bọ ihò náà, wọ́n so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

Kọ́bọ̀ mọ́kànlá ni mo kó wálé lálẹ́ ọjọ́ náà.