Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Wíwo Fíìmù Tí Wọ́n Fi Owó Péréte Ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé fíìmù tí wọ́n fi owó péréte ṣe kò wu àwọn, bí wọ́n ṣe ń wò ó ni kò dáa. Ojú tí wọ́n fi ń wo fíìmù ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n á gbé tì í, wọ́n á máa retí gbajúmọ̀ òṣèré àti ilé tó ń bú gbàmù. Tí wọn ò bá rí i, wọ́n ti pa á nìyẹn. Ó máa ń dùn mí, torí pé àwọn fíìmù aládàáṣe yìí, àtàwọn tí kò tà nígbà tí wọ́n jáde ṣùgbọ́n tí àwọn olólùfẹ́ wọn ò jẹ́ kí wọ́n kú, wà lára ohun tó dùn jù nínú sinimá.

Ẹ má ṣe máa ka ohun tí fíìmù náà kò ní. Èyí ló burú jù nínú àwọn àṣìṣe yìí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ọgbọ́n tí àìlówó kọ́ olùdarí. Ẹ wo Clerks, tí Kevin Smith gbé jáde lọ́dún 1994. Nǹkan bíi $27,000 ló fi yà á, nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tajà ní New Jersey. Ọ̀sán ni ṣọ́ọ̀bù fi ń tajà, nítorí náà òru ni wọ́n ń ráyè ya fíìmù. Bẹ́ẹ̀, ojúmọmọ ni ìtàn náà wáyé! Kí ni wọ́n ṣe sí òkùnkùn ìta? Wọ́n jẹ́ kí irin tó bo fèrèsé wà ní títì, wọ́n sì fi sínú ìtàn pé ẹnì kan ti ki ṣingọ́ọ̀mù bọ ihò kọ́kọ́rọ́. Ni Dante tó ń tajà níbẹ̀ bá fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì yọ, ó fi pólíṣì bàtà kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé àwọn ṣí o, kí oníbàárà má baà kọjá lọ. Ẹni tó ń wò ó á rò pé àwàdà lásán ni. Ká ní owó wà láti gba ṣọ́ọ̀bù náà lójú ọ̀sán ni, a ò bá má rí aṣọ yẹn.

Ẹ má sì gbé ìtàn iye owó mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ pé $7,000 ni Robert Rodriguez fi ya El Mariachi (1992). Òótọ́ ni. Ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń dán oògùn wò kó lè rí lára owó náà, kẹ̀kẹ́ arọ ló sì ń lò nígbà tó bá fẹ́ kí kámẹ́rà máa rìn. Ṣùgbọ́n kí fíìmù náà tó dé ilé sinimá, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá Columbia Pictures ti ná owó tó ju ìyẹn lọ fíìfíì lórí ohùn àti ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya tiyín, ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó kó gbogbo àjẹṣẹ́kù yín lé e: irú iye bẹ́ẹ̀ kì í sábà ka làálàá ẹni tó ṣiṣẹ́ láìgbowó.

Àwọn kan tún gbà pé bí fíìmù bá ṣáà ti burú, tí kò sì náni lówó, yóò di ààyò. Rárá o. The Room (2003) tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 dọ́là ni wọ́n ní ó gbà. The Rocky Horror Picture Show kò rọ́wọ́ mú nígbà tó jáde lọ́dún 1975. Àfìgbà tí ilé sinimá Waverly ní New York ń fi í hàn láago méjìlá òru lọ́dún 1976, tí àwọn òǹwòran ń padà wá, tí wọ́n ń múra bí àwọn òṣèré, tí wọ́n sì ń pariwo dá wọn lóhùn. Àwọn òǹwòran ló ṣe é. Nítorí náà, ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ ya fíìmù jákujàku kí wọ́n lè fẹ́ràn yín. Olùdarí Ed Wood kò fi Plan 9 from Outer Space, fíìmù rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jákujàku, ṣeré, ohun tó fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra nìyẹn.

Ẹ yẹra fún ẹ̀dà tó ti ṣá. Night of the Living Dead (1968) ti George Romero ló jìyà èyí jù. Nígbà tí àwọn tó ń pín in kiri yí orúkọ rẹ̀ padà, àkọlé ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) já bọ́ lára rẹ̀, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà ṣíṣá wá pọ̀ bí eṣú, àwọn èèyàn sì ń dá olùdarí lẹ́bi pé kò mọ iná tàn. Ẹ wá èyí tí Museum of Modern Art àti The Film Foundation tún ṣe lọ́dún 2016, ẹ ó rí bí dúdú àti funfun rẹ̀ ṣe gún régé.

Ẹ má sì fi Eraserhead bẹ̀rẹ̀. David Lynch lo nǹkan bí ọdún 5 lórí rẹ̀ kó tó jáde lọ́dún 1977, kò sì ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ojú yín kọ́kọ́ mọ́ irú eré báyìí ná. Tẹ́ ẹ bá wá dé orí rẹ̀, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ sì yí ohùn sókè dáadáa, torí pé inú ìró ẹ̀rọ tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ jálẹ̀ fíìmù yẹn ni ìdajì iṣẹ́ tó ṣe wà.