Bí token kò bá wọlé: ọ̀nà tí kíípáàdì ń gbà bá mítà orí òpó sọ̀rọ̀

Mítà aláwẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò báyìí. Èyí tó ń ka iná wà lórí òpó níta, kíípáàdì tí a ń tẹ token sí sì wà nínú ilé. Nínú èyí tó pọ̀ jù, kò sí wáyà ọ̀tọ̀ láàárín wọn: wáyà iná ilé gan-an ni kíípáàdì ń gbà ránṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀nà tí ìránṣẹ́ ń gbà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó sọ pé mítà ti bàjẹ́.

Bátìrì kíípáàdì ló sábà máa ń fà á tí token kì í fi í wọlé. Tí yúníìtì bá tán, mítà á já iná ilé, kíípáàdì ò sì ní rí iná lò mọ́ àfi ti bátìrì inú rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí nǹkan funfun bá ti hù sára irin tí bátìrì fara kàn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún dáadáa, kí ẹ ki tuntun sí i. Ohun tó dára jù ni kí ẹ máa ra token kí yúníìtì tó tán.

Ẹ yí changeover sí iná ìjọba. Bó bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, ó ti gé ọ̀nà tó lọ sí orí òpó. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kí ẹ ki kíípáàdì sí, kì í ṣe ara stabilizer tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter ń gbé. Bí ilé bá ń lo phase mẹ́ta, ẹ gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí phase mìíràn.

Bí mítà kò bá tíì gbọ́, ó lè jẹ́ pé ariwo (iná tó ń da ìránṣẹ́ rú) ló wà lórí wáyà. Ìgbà 50 ni iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Hertz 50). Ohun tí kíípáàdì ń fi ránṣẹ́ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa (ìlànà Yúróòpù fi kilohertz 3 sí 95 sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ iná). Ibẹ̀ náà ni ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti inverter tó ń gba iná ti ń pariwo, àwọn kan nínú wọn a sì tún máa gbé ìránṣẹ́ náà mì. Ẹ pa gbogbo breaker, ẹ ṣẹ́ èyí tó ń gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì kíípáàdì nìkan kù, kí ẹ wá tẹ gbogbo nọ́ńbà 20 tó wà nínú token náà.

Bí kíípáàdì bá kọ “Used”, ó túmọ̀ sí pé token ti wọlé tẹ́lẹ̀. Bí mítà bá kọ token náà, ẹ fi nọ́ńbà mítà wé ti orí rìsíìtì. Mítà àtijọ́ tí wọn kò tíì tẹ KCT méjèèjì sí (Key Change Token, token méjì tí iléeṣẹ́ iná ń fúnni láti fi yí kọ́kọ́rọ́ inú mítà padà) kò ní gba token tí wọ́n tà lẹ́yìn 24 Oṣù Kọkànlá 2024. KCT àkọ́kọ́, ìkejì, lẹ́yìn náà token: bí ẹ ṣe máa tẹ̀ wọ́n nìyẹn.

Kíípáàdì yìí náà lè fi ohun tó ń jẹ yúníìtì hàn yín. Ẹ wá ojú ibi tó ti ń kọ kW, ẹ pa gbogbo nǹkan, kí ẹ wá máa tan án lọ́kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù 1000 W tó gbóná fún wákàtí kan gbáko yóò jẹ yúníìtì 1. Bí gbogbo nǹkan bá kú tí mítà ṣì ń kà, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá wo wáyà: bóyá ó ń jò, bóyá ẹlòmíràn ti so mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ kan mítà orí òpó fúnra yín; iléeṣẹ́ iná nìkan ló láṣẹ láti ṣí i.