Ọgbà tí ọyẹ́ kì í sọ di ahoro: bí mo ṣe ṣètò iwájú ilé wa ní Òṣogbo

Ta ni ojúde rẹ̀ kì í dára nínú oṣù Òkúdù? Tí òjò bá ti rọ̀ dunlẹ̀ l'Óṣogbo, èpò lásán gan-an a máa tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí kò gbin nǹkan kan á ṣì rí ewé wò. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni kí ẹ wá wò wá. Eruku ọyẹ́ á ti bo gbogbo nǹkan, koríko á ti gbẹ háú, erùpẹ̀ pupa á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ ètò nígbà tí mo fẹ́ ṣe ọgbà òdòdó síwájú ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Tòjò, mo fi í sí ìgbẹ̀yìn, torí òjò mọ iṣẹ́ rẹ̀ í ṣe.

Kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá ni mo yí ojú rẹ̀ délẹ̀, mo fa ìlà sẹ́yìn rẹ̀ láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ. Bí ọyẹ́ ṣe ń mú lọ́wọ́ báyìí, mo máa ń rìn kiri àdúgbò nírọ̀lẹ́, mo ń yọjú wo ojúde ẹni ẹlẹ́ni. Ohunkóhun tó bá ṣì tutù láìjẹ́ pé ẹnì kan ń bomi rin ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Pèrègún ló ṣáájú. Àwọn àgbà tó ń fi í sàmì ààlà ilẹ̀, tí wọ́n ń gbìn ín yí ojúbọ ká, mọ ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀: ó ń bẹ níbẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ojá ìkookò tẹ̀ lé e, ewé rẹ̀ nípọn, omi ni ó kó pamọ́ síbẹ̀. Croton náà wà níbẹ̀, oníyẹ́lò, onípupa, aláwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ lórí igi kan ṣoṣo. Ewé ni gbogbo èyí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọgbà tó máa wu ojú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, òdòdó á wá bá a níbẹ̀.

Òdòdó ọyẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni bougainvillea. Mo lọ bá bàbá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá. Èyí tó máa ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fẹ́."

"Ìyá Ìbejì, ẹ mú eléyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi omi yọ ọ́ lẹ́nu o. Tẹ́ ẹ bá ń rọ omi sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, ewé nìkan ni yóò máa fún yín. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ óò rí i bí yóò ṣe máa pọ́n."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ súnmọ́ ọn dáadáa kẹ́ ẹ wò ó: pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó yẹn, ewé ni, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń wà pọ̀. Òdòdó gan-an ni funfun tóóró tó yọrí láàárín wọn. Nítorí pé ewé ni ni kì í tètè rẹ̀ dànù. Ẹ̀gún rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn o, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo fi tèmi sí, jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá.

Ètò ibi tí kálukú máa wà ló gbà mí lákòókò jù. Mo jókòó síta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, mo ń wo ibi tí oòrùn ń pa sí. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ọ̀sán ti ń jó ni, ibẹ̀ ni bougainvillea àti croton lọ. Pèrègún ga, mo gbìn ín sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojá ìkookò sì tò níwájú rẹ̀. Ohun tó máa ń mu omi, bí hibiscus àti ìdò, mo kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, torí kànga wa máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì ni wọ́n ń mu. Koríko ọba ni mo fi ṣe etí ọ̀nà. Ó tutù, ó ń ta sánsán, a sì ń já a fi se tíì. Ewúro kan wà ní igun. Ta ní sọ pé ọgbà ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ ní ọbẹ̀ nínú?

Baálé ilé mi ní ejò á wọlé. Gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rí òdòdó. Mo dá a lóhùn pé pàǹtí ni ejò ń wá, àti eku tó wà nínú pàǹtí. N kò gbin nǹkan kan tó dí sábẹ́ fèrèsé, a sì ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò ló yẹ kó bẹ̀rù, àwọn ló ń jẹ hibiscus tí géètì bá ṣí sílẹ̀. Oleander tí bàbá yẹn fẹ́ tà fún mi, mo dá a padà, nítorí májèlé ni láti gbòǹgbò dé orí, ọmọdé sì pọ̀ nílé wa.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo gbin èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀ka ixora, croton àti hibiscus ni mo gé, mo fi wọ́n sínú ọ̀rá tí mo ti po ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí, mo gbé wọn síbi òjìji. Bí wọ́n ṣe ń yọ ewé tuntun ni mo ń kó wọn sílẹ̀. Lẹ́fúnlọ́ṣùn ni mo gbìn sáàárín wọn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò wọlẹ̀ lọ pátápátá, ẹ óò rò pé ó ti kú, àfi tí òjò bá padà dé tí ewé rẹ̀ tún yọrí, funfun àti pupa tó ta sí i lára. Mo fi òkúta kékeré sàmì sí ibi tó wà kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọkọ́ hú u. Pánṣẹ́kẹ́ ń wù mí, pupa rẹ̀ tó máa ń tàn lásìkò tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n igi yẹn tóbi, gbòǹgbò rẹ̀ a máa rìn jìnnà. Ti ojú títì ni mo ń wò.

Oṣù Ògún ni àlejò ń wọ́ wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun, àwa náà kì í sì í ṣàìní àlejò. Mo fi ixora àti ìdò sọ́wọ́ géètì nítorí ìyẹn, ìgbà òjò ni wọ́n ń ṣe bẹbẹ jù.

Tí òjò bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ní Bélú, mo máa ń rẹ́ orí bougainvillea, mo sì ń dín omi rẹ̀ kù. Ewé gbígbẹ tí àwọn èèyàn ń dáná sun, èmi ń tẹ́ ẹ sí ìdí àwọn tó ń mu omi, kí ilẹ̀ wọn má baà tètè gbẹ. Ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta sí ara wọn, mo ń fi omi fọ eruku kúrò lára croton, torí ewé tó rẹwà tí eruku bò kò yàtọ̀ sí èyí tó kú.

Ẹni tó bá wá tọrọ ẹ̀ka croton, mo ń gé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bougainvillea ni mo ń gbowó rẹ̀, torí ẹ̀gún rẹ̀ kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.