Wáyà áàtì ló ń da ọkọ̀ mi láàmú, alternator ni wọ́n ní kí n lọ rà

Inú ń bí mi gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Bátìrì tuntun ₦120,000, alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì) tokunbọ̀ ₦65,000, owó iṣẹ́ ríwáyà ₦15,000, ₦200,000 ti lọ, ọkọ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Corolla 2005 ni mo ń wà. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, kick starter á máa fà tìkọ̀-tìkọ̀ bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun, nígbà míì á kàn dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Tílẹ̀ bá wá ṣú, tí mo tan iná iwájú tí AC sì ń ṣiṣẹ́, iná á di bàìbàì, ẹ fojú inú wo Third Mainland Bridge lálẹ́ pẹ̀lú irú iná bẹ́ẹ̀, tí dánfó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Réédíò náà ò gbẹ́yìn, bí mo bá ṣe ń tẹ tọ́rọ́tù ni ariwo inú ẹ̀ ń ga sí i.

Ohun tí ríwáyà ṣe ò ju pé ó fi mítà kan orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó rí 13.2 fóòtì, ó ní "Ọ̀gá, alternator yín ò ṣáàjì dáadáa mọ́." Lóòótọ́ ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4, mi ò bá a jiyàn nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò fi mítà yẹn kan alternator fúnra ẹ̀ kó tó ní kí n mówó wá! A pààrọ̀ ẹ̀, 13.2 náà la tún rí. Ó ní bátìrì ló ń fà á sẹ́yìn, a ra bátìrì, ibì kan náà la tún wà. Ìgbà tó wá ń sọ pé ó lè jẹ́ brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni mo ní ẹ ṣeun, ẹ bá mi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò wò ni wáyà áàtì, wáyà dúdú tó kúrò lórí negative bátìrì lọ sára bọ́dì àti gíábọ́ọ̀sì. Iná tó bá jáde láti positive gbọ́dọ̀ padà sí negative, bọ́dì ọkọ̀ àti irin ẹ́ńjìnì ló ń gbé e padà. Ẹ wá wò ó, orí engine seat ni ẹ́ńjìnì jókòó lé, rọ́bà sì nìyẹn, rọ́bà ò gbé iná. Kick starter àti alternator, ara ẹ́ńjìnì ni wọ́n dè wọ́n mọ́, irin ẹ́ńjìnì yẹn náà ni negative wọn. Tí wáyà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bátìrì àti bọ́dì bá ti jẹrà, kò sí bátìrì tẹ́ ẹ máa rà tó máa gbà yín.

Mo lọ ra mítà kékeré kan ₦8,000. Mo yí i sí DC 20, mo fi ẹnu ẹ̀ kan lé orí òjé negative bátìrì gan-an, kì í ṣe orí kiláàpù o, mo fi ẹnu kejì kan irin ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ̀dà lára, mo ní kí àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́. 1.6 fóòtì ló ń sọnù sójú ọ̀nà! Wáyà tó dáa kì í sábà kọjá 0.2 níbẹ̀, tó bá ti ń sún mọ́ 0.5 ó ti ń ṣàìsàn. Mo wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná iwájú, mo fi mítà kan ara alternator àti wáyà ńlá ẹ̀yìn ẹ̀, 14.2. Alternator ń ṣáàjì, iná ò kàn rọ́nà dé bátìrì ni. Èyí tí wọ́n yọ dànù náà, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, nítorí 13.2 kan náà làwọn méjèèjì gbé dé orí bátìrì.

Ẹ má fi ibi tí mítà ti ń dún píì yẹn wò ó o. Okùn kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ kù nínú wáyà, mítà á dún píì, á ní kò sí wàhálà. Àfi kí iná gidi máa gbabẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó rí òótọ́.

Yíyọ èyí tó ti bàjẹ́ ò ní ìtàn nínú, negative lẹ máa kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dè kẹ́yìn. Mo la rọ́bà wáyà náà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló ń dà sílẹ̀ láti inú ẹ̀. Èyí tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì, bíi ìdajì okùn inú ẹ̀ ti já.

Ibi tí mo ti rí ìyà gidi ni wáyà tuntun. Ẹ gbọ́ ná, wáyà lásán! Mo fẹ́ kébù 25mm², bàbà gidi, tó rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ gbé ọ̀kan tó ń dán yanran wá, rọ́bà ara ẹ̀ nípọn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, original ni, kọ́pà pátápátá." Mo gbé e, ó fúyẹ́. Bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, ọwọ́ tó bá ti gbé e rí ò ní ṣì í mọ̀. Mo ní kó bá mi wá abẹ, mo fi ha okùn kan, funfun báláú. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lórí! Ó wá ń sọ fún mi pé ṣebí iná náà ló máa gbé. Tí méjèèjì bá nípọn bákan náà, èyí tí bàbà bá gbé ní 100, alumíníọ̀mù ò gbé ju bíi 60 lọ, ẹnu ibi tí wọ́n dè é sí tún máa ń tètè dípata, owó bàbà ló sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Inú bí mi débi pé mi ò dúró ná an.

Ibòmíì, irú kan náà, wọ́n kàn yí àwọ̀ rọ́bà padà ni. Ẹnì kan gbé wáyà iná ilé wá, bàbà ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n okùn inú ẹ̀ nípọn, ó le gbagidi, ẹ́ńjìnì tó ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà á ṣẹ́ ẹ dànù. Mo dé ọjà páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀ lọ wo tokunbọ̀, mo tẹ ẹnu ẹ̀ díẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé yẹn náà ló tún yọ, èyí tí mò ń sá fún nílé. Ọjọ́ ń lọ, ọkọ̀ wà nílẹ̀, mò ń wọ dánfó, ọ̀rọ̀ wáyà tí kò gùn tó mítà mẹ́ta.

Àwọn tó ń ta ínfátà àti sólà ló yọ mí. Mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún mi tẹ́lẹ̀! Kébù bátìrì ínfátà, okùn bàbà wẹ́wẹ́, ó rọ̀, ó wúwo, mo ha á, pupa dénú, mo tún fi láítà jó okùn kan, kò yọ́. Wọ́n ń gé e ní mítà-mítà. Wọ́n tún ní lọ́ọ̀gì bàbà (ẹnu wáyà olójú ihò tí wọ́n ń fi bóòtì dè) àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu wáyà, ó mú un pinpin. Ẹ má jẹ́ kí ríwáyà fi òòlù lu lọ́ọ̀gì fún yín, afẹ́fẹ́ àti omi á ráyè wọbẹ̀, kò sì ní pẹ́ dípata.

Bí mo ṣe dè é rèé: ọ̀kan láti negative lọ sí gíábọ́ọ̀sì, ọ̀kan láti negative sí bọ́dì, ọ̀kan láti orí ẹ́ńjìnì sí bọ́dì lẹ́yìn. Gbogbo ibi tí lọ́ọ̀gì máa jókòó sí, mo fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin fi ń dán, mo dè é le, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá fi gírísì bò ó kí omi má bàa wọlé. Àwọn áàtì wẹ́wẹ́ tí brain box àti sensor ń lò, mo fọ̀ wọ́n mọ́ ni, mi ò ṣí wọn nípò, ẹ̀yin náà ẹ má ṣí wọn.

Mo ní kí àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì gbé e lójú ẹsẹ̀! 0.1 lórí mítà. Bátìrì, 14.1, pẹ̀lú iná iwájú àti AC. Ariwo réédíò ti lọ. Èmi ni mo ṣe é o, ọwọ́ ara mi, gbogbo ohun tí mo ná lé e ò tó ìdajì owó alternator yẹn.

Ká ní mo mọ̀ ni, mítà ni ǹ bá kọ́kọ́ rà. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ń wa Camry, wọ́n ti ní kí àwọn náà lọ ra alternator, iná wọn ń di bàìbàì. Mo ní kí wọ́n fi owó wọn pamọ́ ná. A yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, 0.9 la rí. Sátidé la fẹ́ ṣe é, wọ́n ti lọ gé wáyà tiwọn lọ́dọ̀ àwọn oní-sólà.