A kọ̀wé sí káńsù nítorí ayálégbé lásìkò Kòrónà: ohun tí ojú mi rí lórí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn mí. Lẹ́tà ojú ewé méjì péré la kọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé lẹ́tà tí aráàlú fẹ́ fi bẹ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lè gba owó ọkọ̀, owó fótókọ́pì, owó ká tún un tẹ̀, ká tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí owó tí mo tọ́jú fún gáàsì fi bá a lọ. Inú mi dùn pé a ṣe é o, mo sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí òǹtẹ̀ yẹn, inú á tún bí mi.

Ọdún 2020 ni. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abùjá láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta. Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa ṣáájú ìyẹn. Tíṣà sùkúù aládàáni ni mí, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí ọmọ ò bá wá, owó ò ní wọlé. Ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn là ń gbé, ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wa ń lò. Aránṣọ wà níbẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì sùkúù náà wà níbẹ̀. Oṣooṣù ni ọ̀pọ̀ wa ń san. Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa parí, kò sí yàrá tó san owó ilé pé.

Bàbá onílé ò fún ẹnikẹ́ni ní kúìtì nótíìsì, ìwé tí wọ́n fi ń ní kí ayálégbé kó jáde. Kóòtù wo ni wọ́n fẹ́ gbé wa lọ ná? Adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè ti ní kí àwọn kóòtù dáwọ́ dúró láti ọjọ́ 24, oṣù kẹta, àyàfi ẹjọ́ tó bá jẹ́ kánjúkánjú. Ohun tí bàbá ṣe ni pé wọ́n ra àgádágodo kékeré, irú èyí tí ọmọ sùkúù fi ń ti àpótí ìwé, wọ́n lu ihò sí etí ọwọ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n sì fi há a. Rédíò ń pariwo pé ká máa fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́. Omi wo? A bẹ̀rẹ̀ sí í ru garawa lọ sí òpópónà kejì, àwọn tó ń ṣọ́ òfin á sì ní ká padà sílé.

Mo bèèrè káàkiri lórí WhatsApp àdúgbò. Kì í ṣe àwa nìkan. Níbì kan wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá obìnrin kan kúrò, ó di pé aṣọ ló ń ta bo ẹnu ọ̀nà. Níbòmíràn wọ́n gé wáyà iná. Ni mo bá ní ká kọ̀wé sí káńsù.

Kíkọ ọ́ ò le. A ní kí káńsù bá wa bá àwọn onílé sọ̀rọ̀: kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni jáde títí àrùn yìí á fi rọlẹ̀, kí wọ́n má ti omi, má gé iná, kí gbèsè di ohun tí èèyàn lè máa san díẹ̀díẹ̀, kí owó ilé má sì gòkè kí ọdún tó parí. A tọ́ka sí òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011: ẹni tó ń san oṣooṣù, kúìtì nótíìsì oṣù kan ló tọ́ sí i, ẹni tó ń san ọdọọdún, oṣù mẹ́fà, onílé tó bá sì fi ipá lé ayálégbé jáde láìgba kóòtù, ìtanràn tó lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló ń fi ṣeré. (Òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ wá lọ́yà.) A fi kún un pé ìlú Ọba ti fa àsìkò kúìtì nótíìsì tiwọn gùn di oṣù mẹ́ta nínú òfin tí wọ́n ṣe lórí Kòrónà ní ọjọ́ 25, oṣù kẹta. Àwọn èèyàn buwọ́ lù ú, kálukú pẹ̀lú bíírò tirẹ̀. Ó parí.

Nígbà tí wọ́n dẹ òfin kónílé-ó-gbélé díẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, mo gbé lẹ́tà náà lọ sí káńsù. Dánfó ò gbọdọ̀ gbé èrò kún nígbà yẹn, awakọ̀ sì ti gbé owó àwọn tí kò wọkọ̀ lé àwa tó wọkọ̀ lórí.

Ẹ̀dà méjì lèèyàn máa ń mú lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á fi òǹtẹ̀ lu èkejì, wọ́n á dá a padà fún ẹ. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, kí lo máa fi hàn? Arákùnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní, “Àǹtí, ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe tiwa. Aláùsá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.”

Mo fèsì pé mo mọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin ilé. Àmọ́ nínú àfikún kẹrin sí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń díye lé ilé aládàáni kí wọ́n lè gba owó orí lórí rẹ̀, àwọn náà ló ń fún ilé ní nọ́ńbà. Ilé jẹ́ tiyín tó bá di owó, kì í ṣe tiyín tó bá di ẹni tó ń gbé inú rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn kì í gba lẹ́tà àdúgbò bí kò bá sí lórí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì CDA, kí alága CDA sì buwọ́ lù ú.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó mọ ohun tó ń jẹ́ CDA. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni wọ́n ń pè é, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa ìpàdé àwọn onílé ni, tiransifọ́mà àti géètì ni wọ́n ń sọ. Ayálégbé máa ń dá owó sí i, kì í jókòó níbẹ̀. Kí n lọ gba ọwọ́ alága CDA sórí ìwé yìí dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ológbò buwọ́ lu ẹ̀tọ́ eku.

Mo ṣáà lọ. Bàbá yẹn ní ilé nínú àdúgbò, kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n ka lẹ́tà náà tán, wọ́n ká a. “Tíṣà, ìwé yìí dáa, ẹ mọ ìwé kọ. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi ni?” Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ owó ilé tí kò gbọdọ̀ gòkè kúrò. Mo gbà láti dẹ̀ ẹ́, a tún un tẹ̀. Wọ́n tún ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Mo fa á tì sẹ́yìn, a tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà akọ̀wé wọn ló mú lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì lọ sí ilé rẹ̀, akọ̀wé sì ti lọ sí ìrìn àjò kí wọ́n tó ti ẹnubodè ìpínlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àgádágodo wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Nígbà tó sú mi, mo dá ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ti owó ilé padà sí àyè wọn, mo padà sí káńsù. Mi ò bá arákùnrin yẹn jiyàn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà yìí pé ẹ ò gbà á. Ẹ kọ orúkọ yín, ipò yín àti ọjọ́ òní. N ó bá tiyín lọ.” Mo na bíírò sí i. Ó wo bíírò, ó wò mí, ó wọlé. Nígbà tó máa jáde, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fi lu ìwé. Mo wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀: oṣù kẹta! Látìgbà tí wọ́n ti ti ọ́fíìsì pa, kò sẹ́ni tó yí i. Bó ṣe wà yẹn, a ti kọ̀wé fẹjọ́ sùn kí ohun tí à ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n yí i. Ó pòṣé, ó fi èékánná yí táyà kékeré yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún un lù. Mo kí i, mo dúpẹ́, mo jáde bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì.

Alága káńsù pe àwọn onílé lóòótọ́. Wọ́n to àga sí abẹ́ kánópì, ó jìnnà síra wọn. Wọ́n fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ti omi mọ́, àti pé ẹni tó jẹ gbèsè á pín in san. Ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn yí àdúgbò ká, ó ń kéde rẹ̀. Ọmọ bàbá onílé ló wá ṣí àgádágodo, kò sọ nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ òní ni, Citizens' Mediation Centre ti ìpínlẹ̀ Èkó ni n ó kọ́kọ́ darí aránṣọ àti obìnrin tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á pe onílé àti ayálégbé jókòó. Lẹ́tà sí káńsù wúlò fún gbogbo àdúgbò, kò yá fún ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn lálẹ́ òní. Ẹ sì ya fọ́tò àgádágodo, ilẹ̀kùn, wáyà, ẹ so ó mọ́ ìwé. Fọ́tò ẹ̀rọ omi yẹn ni alága ń nà sókè nínú ìpàdé, kì í ṣe gírámà tí mo kọ.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni wọn ò fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ìyẹn ju agbára káńsù lọ. Owó tiwa gòkè ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, a sì kọ òmíràn sí aṣòfin tó ń ṣojú wa ní Aláùsá. Àwọn tiẹ̀ gbà á lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ ara òǹtẹ̀ wọn pé pérépéré. Èsì ni a ò rí.